Ta ló ń yan olórí fún wa l'Ékìtì: àwa aráàlú ni àbí àwọn ọ̀tọ̀kùlú?

ỌmọIléIyì (Adó-Èkìtì)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká torí ẹgbẹ́ òṣèlú bú ara wa.

Ẹ rántí ìdìbò gómìnà ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Bíọ́dún Oyèbánjí ti APC ní ìbò 187,057, Ṣẹ́gun Òní ti SDP ní 82,211, Bísí Kọ́láwọlé ti PDP ní 67,457. Ẹ wá bá mi wo ibi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Oyèbánjí ni akọ̀wé ìjọba nígbà tí Fáyẹmí jẹ gómìnà. Kọ́láwọlé ṣe kọmíṣánnà lábẹ́ gómìnà Fáyóṣe. Òní fúnra rẹ̀ ti jẹ gómìnà rí lábẹ́ PDP, ó lọ sí APC, ó padà sí PDP, kó tó wá gba ọ̀dọ̀ SDP. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ní 2018, Fáyẹmí àti igbákejì Fáyóṣe ló jọ du ipò náà. Ní 2014, Fáyẹmí àti Fáyóṣe ni.

Ilé mẹ́ta, ti Fáyẹmí, ti Fáyóṣe àti ti Òní, ni a ń yàn láàárín wọn láti nǹkan bí ogún ọdún. Nínú ìpínlẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé pọ̀ sí tó báyìí! N kò sọ pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Kálukú wọn ló ní iṣẹ́ tó ṣe tí a lè tọ́ka sí. Ìbéèrè mi ni pé kí ìwé ìdìbò tó dé ọwọ́ wa, ta ló ti bá wa yàn tán?

Ọ̀dọ́Ọyẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀ ṣùgbọ́n n kò gbà á tán. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2014, gómìnà tó wà lórí oyè ní ìbò 120,433, Fáyóṣe tó wá bá a du ipò ní 203,090. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni Fáyẹmí ti fìdí rẹmi. Àwọn tíṣà ń bínú nítorí ìdánwò tí ìjọba fẹ́ ṣe fún wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba ń bínú, àwọn aráàlú ní ebi ń pa àwọn, wọ́n ní títì kì í ṣe oúnjẹ. Wọ́n bínú, wọ́n sì lé ìjọba lọ. Tó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀tọ̀kùlú nìkan ló ń yàn, irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀.

ỌmọIléIyì

Àbúrò, òótọ́ ni. A lé e lọ. Ṣùgbọ́n ta ni a fi rọ́pò rẹ̀? Ẹni tó ti ṣe gómìnà láti 2003 tí ilé aṣòfin fi yọ ọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2006. Ní 2018, ẹni tí a lé ní 2014 tún padà. Agbára tí a ní ni láti sọ pé "kò tó wa." Agbára láti sọ pé "lágbájá ni a fẹ́" kò tíì dé ọwọ́ wa.

BàbáTíṣà (Ìkéré)

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ojú mi ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀.

Tíṣà ni mí ní 1983, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára ìpínlẹ̀ Oǹdó. Adékúnlé Ajásin ni gómìnà, Akin Ọmọ́boríowó, ọmọ Ìjerò, ni igbákejì rẹ̀. Àwọn méjèèjì jà, igbákejì sọdá sí ẹgbẹ́ NPN. Nígbà tí FEDECO, àjọ ìdìbò ìgbà náà, kéde pé òun ló wọlé nínú ìdìbò oṣù Kẹjọ, ṣé ẹ mọ̀ pé iná sọ? Wọ́n jó ilé, wọ́n pa èèyàn, aládùúgbò dojú kọ aládùúgbò. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni kóòtù dá ipò padà fún Ajásin. Kò sì pẹ́ rárá, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn sójà gba gbogbo rẹ̀. Ìjà àwọn méjì tó jọ jẹun lórí tábìlì kan náà ni, àwọn ọmọ tálákà ló sì kú sí i.

Ẹ wá wo 2007. Wọ́n kéde Òní, Fáyẹmí gba kóòtù lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdìbò náà, wọ́n ní ká tún un dì ní wọ́ọ̀dù 63 nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá. A dì í ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, ó wá di wàhálà lórí èsì Ìdó-Òsì. Kọmíṣánnà àjọ ìdìbò tó wà níbí kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ní ẹ̀rí ọkàn òun kò gbà á. Wọ́n rọ̀ ọ́ padà, wọ́n sì kéde Òní lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú oṣù Kẹrin yẹn kan náà ni àwọn ìyá arúgbó tú aṣọ sílẹ̀ tí wọ́n fi ìhòòhò rìn ní ìgboro Adó. Ẹni tó bá mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nílẹ̀ wa mọ̀ pé kò sí ohun tó kù tí aráàlú lè ṣe lẹ́yìn èyí. Síbẹ̀, ó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2010 kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Ìlọrin tó sọ pé Fáyẹmí ni a dìbò yàn. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ti lọ nínú ọdún mẹ́rin!

Ọ̀dọ́Ọyẹ́, ọmọ mi, a máa ń dìbò. Ẹ wá bi ara yín bí ó ti ń pẹ́ tó kí ìbò wa tó dé ibi tó ń lọ.

ÌyáOníyán (Ìjerò)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ ti sọ ti àwọn ńlá, ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ìsàlẹ̀ níbí tí a wà.

Ní 2018, gbólóhùn tó gba ìgboro kan ni "dìbò kí o sebẹ̀." Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ibùdó tí mo ti dìbò, ògiri kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó sí ẹ̀yìn ògiri pẹ̀lú ìwé onílà lórí itan rẹ̀. Òmíràn dúró sí ọ̀gangan àpótí ìbò. Tí o bá ti tẹ̀ka tán, o ò ní ká ìwé náà pọ̀, wàá ṣí i sílẹ̀ díẹ̀ bí o ṣe ń rìn lọ síbi àpótí kí ẹni tó dúró yẹn lè rí ibi tí ìka rẹ wà. Tó bá rí i, á mi orí sí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn á fún ọ ní bébà kékeré kan. Bébà yẹn lo máa mú lọ sẹ́yìn ògiri. Wọ́n á fi biro fagi lé orúkọ rẹ, wọ́n á ka owó fún ọ. Àwọn tí mo gbọ́ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí márùn-ún. Àwọn ọlọ́pàá wà níbẹ̀ o, lábẹ́ igi.

Èmi kò gbà á, ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú opó tó wà níwájú mi tó gbà á. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń dìbò, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yìí nìkan ni ohun tí ìjọba fi lé òun lọ́wọ́ tí òun rí i. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Ọ̀dọ́Ọyẹ́

Màmá, èyí wọ̀ mí lára. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 sọ pé ẹni tó fúnni lówó ìbò àti ẹni tó gbà á lè san 500,000 náírà tàbí kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì pọ̀. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n mú èèyàn, opó yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí mú. Ẹni tó kó owó wá nínú mọ́tò kò sí nítòsí.

Lọ́yà_Ìkọ̀lé

Mo kí Bàbá, mo kí Màmá. Iṣẹ́ òfin ni mò ń ṣe. Lójú tèmi, ẹ̀ ń wá orísun ọ̀rọ̀ yìí sí ibi tí kò sí. Ẹ kúrò ní ilé ìjọba ní Adó, ẹ jẹ́ ká lọ sí káńsù.

Abala 7 ìwé òfin ọdún 1999 ní ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ wà. Abala 162 ìwé òfin kan náà ló wá dá àpò àjùmọ̀ní sílẹ̀ láàárín ìpínlẹ̀ àti àwọn káńsù rẹ̀. Inú àpò yẹn ni owó tó ń ti Àbújá bọ̀ fún káńsù ń bọ́ sí, gómìnà ló sì di ẹnu àpò mú. Àjọ tó ń ṣètò ìdìbò káńsù ńkọ́? Gómìnà ló ń fa àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé níbi púpọ̀ ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tó bá wà nílé ìjọba ló máa ń kó gbogbo ipò alága lọ, ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́.

Ẹ gbọ́ ti Èkìtì wa. Nígbà Òní, wọ́n dìbò yan àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀ ní ìparí 2008. Fáyẹmí wọlé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, kí oṣù yẹn tó parí ó ti tú wọn ká. Wọ́n gba kóòtù lọ. Ẹjọ́ náà lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní gómìnà kò ní agbára láti tú káńsù tí aráàlú yàn ká. Ọdún mẹ́fà gbáko! Sáà àwọn tó pẹjọ́ ti parí tipẹ́, ẹni tó tú wọn ká pàápàá ti kúrò lórí oyè. Wọ́n jàre, ṣùgbọ́n ipò ti bọ́. Gómìnà tí ẹ bá fẹ́ràn jù, ẹ fi sí ibẹ̀ yẹn, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe káàkiri ìpínlẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tún sọ pé kí owó káńsù máa lọ sọ́dọ̀ káńsù tààrà, àti pé gómìnà kò gbọ́dọ̀ fi ìgbìmọ̀ onídelé rọ́pò àwọn tí aráàlú dìbò yàn. Ìdájọ́ náà jáde, àmúṣẹ rẹ̀ ló wá ń fà nílẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló kan gómìnà tí a ń yàn. Òun gan-an ni. Ta ló ń gbọ́ bùkátà alága wọ́ọ̀dù nínú ẹgbẹ́? Ta ló ń fún ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ ní káńsù? Alága káńsù ni. Ta ló fi alága káńsù sípò? Ẹni tó wà lókè. Nígbà tí ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ bá dé, alága wọ́ọ̀dù yẹn kan náà ló ń kó èèyàn wá. ỌmọIléIyì, ibi tí wọ́n ti ń bá yín yàn rèé.

BàbáTíṣà (Ìkéré)

Lọ́yà, ẹ ṣeun gan-an. Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n! Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì láyé ọjọ́un. Inú ìlú ló ń gbé, inú ìlú ló ti ń jẹun, Ìbàdàn ló ń jíhìn fún. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ ló mú kí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí dìde, tí Èkìtì Parapọ̀ fi ja ogun Kírìjì láti 1877 di 1893. Àwọn baba wa fi ọdún mẹ́rìndínlógún sọ pé àwọn kò fẹ́ olórí tí a gbé wá láti ibòmíràn. Ó dùn mí pé àwa tún gbà á lọ́wọ́ ọmọ tiwa.

ỌmọẸ̀fọ̀n_LókèÒkun

Mo kí yín láti ìdálẹ̀. Mo fẹ́ fi kan kún un.

Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, wọn kò tú ètò ajẹ́lẹ̀ yẹn ká ní ti gidi, wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà ni. Ọba àti àwọn ìjòyè tó ń jíhìn fún ìlú tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń jíhìn fún ajẹ́lẹ̀ aláwọ̀ funfun. Ọba tí ìjọba òyìnbó bá fọwọ́ sí lẹ́yìn, ìlú kò rí i mú mọ́. N kò sọ pé ayé àtijọ́ dára fún gbogbo èèyàn o, ẹrú wà, ìwọ̀fà wà. Ṣùgbọ́n ọba mọ̀ pé ìlú lè kọ òun.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ronú sí ni ọ̀rọ̀ owó orí. Ní àwọn ọdún 1950, Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, fẹ́ ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n gbé owó orí lé aráàlú lórí. Inú bí àwọn èèyàn. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, ẹgbẹ́ alátakò NCNC na Action Group nínú agbègbè ìwọ̀ oòrùn tí Action Group ti ń ṣèjọba! Wọ́n wá tiraka, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kíní ọdún 1955, àwọn òbí yín jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀tọ̀kùlú ni Awólọ́wọ̀ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà, wọ́n kàwé, wọ́n lówó. Ṣùgbọ́n àpò aráàlú ni owó ìjọba ti ń wá, torí náà wọ́n ní láti bá aráàlú sọ̀rọ̀. Lónìí, owó tó ń wá láti Àbújá ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí Èkìtì ń ná. Gómìnà tí kò gba owó lọ́wọ́ rẹ, kí ló fẹ́ bá ọ sọ?

ÌyáOníyán (Ìjerò)

Ọmọ mi tó wà lókè òkun, mo bọ̀wọ̀ fún ìwé tí ẹ kà, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wa! Owó ìsọ̀, owó ọjà, tíkẹ́ẹ̀tì òòjọ́. Ọlọ́kadà ń san, onítáásì ń san, ẹni tó gbé iṣu wá láti oko ń san kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Kò wọ inú ìwé tí ẹ̀ ń kà ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu yín pé a kì í sanwó.

ỌmọẸ̀fọ̀n_LókèÒkun

Ẹ jàre mi, Màmá. Owó tí ẹ̀ ń san yẹn gan-an ló yẹ kí a fi máa bi wọ́n léèrè.

Àbẹ̀kẹ́_Òmùò

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kí a wọ inú ẹgbẹ́ nìkan ló kù. Mo wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìpàdé wọ́ọ̀dù wa ṣe rí nígbà tí a fẹ́ yan àwọn olóyè.

Wọ́n pè wá fún aago mẹ́wàá. Àwa obìnrin la kọ́kọ́ dé, a gbálẹ̀, a to àga. Aago kan ọ̀sán ni ọkọ̀ kan dé láti Adó. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ kò jókòó. Ó yọ ìwé kan tí wọ́n ti tẹ̀ jáde láti inú àpò rẹ̀, ó ka orúkọ láti alága dé akápò. Ọ̀kan nínú àwọn tó ka orúkọ wọn ti kú ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ẹnì kan pariwo pé "ó ti kú o," wọ́n fi biro yọ ọ́, wọ́n fi àbúrò rẹ̀ sí i. Wọ́n ní ṣé a fọwọ́ sí i. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ó parí nìyẹn, wọ́n ní àjọyàn ni. Nínú gbogbo orúkọ, obìnrin kan péré ni, olórí àwọn obìnrin.

Ẹ wá fi owó fọ́ọ̀mù kún un. Ní 2022, APC ta fọ́ọ̀mù gómìnà fún ìdìbò 2023 ní 50 mílíọ̀nù náírà, ti ààrẹ ní 100 mílíọ̀nù. Ní 2018 ni wọ́n ṣe òfin tó jẹ́ kí ọmọ ọdún 25 lè du ilé aṣòfin, a sì yọ̀. Ọmọ ọdún 25 wo ló ní owó fọ́ọ̀mù tí kì í ṣe ọmọ ẹni tó ti wà níbẹ̀?

Ọ̀dọ́Ọyẹ́

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, mo gbà fún yín. Mo ń sọ pé a lágbára láti lé ìjọba lọ, mo ṣì dúró lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ́ kí n rí i pé ọjọ́ ìdìbò ti pẹ́ jù láti jí.

Mo fẹ́ fi ti ilé aṣòfin kún un, torí wọn kì í jẹ́ ká sọ ọ́. Ọmọ ilé 26 ni Èkìtì ní. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, àwọn méje jókòó, wọ́n ní àwọn ti yọ olórí ilé. Méje nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ìjọba sì ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé ohun tó tọ́ ni.

ỌmọIléIyì

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ohun tí Lọ́yà sọ àti èyí tí Màmá sọ nípa tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ló kù sí mi lọ́kàn. Ní àdúgbò tí mo ti wá, káńsù wa ti gbé pátákó kan sí ẹ̀bá ọ̀nà pé àwọn ń ṣe gọ́tà. Òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ kan àti yanrìn wà níbẹ̀, koríko ti hù lórí yanrìn. Mo fẹ́ kọ̀wé. Mo ti kọ díẹ̀ báyìí:

"Sí Alága Káńsù. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn, a fẹ́ mọ iye tí wọ́n fọwọ́ sí fún gọ́tà àdúgbò wa, orúkọ kọngilá tó gba iṣẹ́ náà, àti iye tí wọ́n ti san fún un títí di òní. A tún fẹ́ mọ iye tí káńsù gbà láti ọjà wa lọ́dún tó kọjá àti ibi tí wọ́n ná an sí."

Lọ́yà, ṣé ó dúró?

Lọ́yà_Ìkọ̀lé

Ó dúró. Ẹ fi kún un pé Èkìtì ní òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn tirẹ̀ láti 2011, kí wọ́n má bàa sọ pé ti Àbújá kò kàn wọ́n. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ náà ti sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé òfin ti ìjọba àpapọ̀ mú gbogbo ìpínlẹ̀. Òfin ti àpapọ̀ yẹn fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó bá gba ọ̀kan fọwọ́ sí èkejì kó sì kọ ọjọ́ sí i. Tí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ fi ránṣẹ́ nípa ilé ìfìwéránṣẹ́ kí ẹ tọ́jú rìsíìtì. Kóòtù ni mo máa gbé e lọ tí wọn kò bá dáhùn, n kò ní gba owó iṣẹ́.

Àbẹ̀kẹ́_Òmùò

Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo fọwọ́ sí i. Ẹni kan ni wọ́n máa ń pè lọ sí ilé ẹni ńlá lálẹ́ láti bẹ̀. Mo máa kọ irú rẹ̀ fún káńsù tiwa náà, mo ti ní obìnrin mẹ́sàn-án tó máa fọwọ́ sí i.

ÌyáOníyán (Ìjerò)

Ẹ kọ tèmi náà. Ẹ fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà kún un, a ti ń sanwó rẹ̀ tipẹ́. N ó kó àwọn ìyálọ́jà ẹgbẹ́ mi wá fọwọ́ sí i ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.